Òróró Tí Mo Pè Ní Odi

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ẹrù dé. Mi ò tíì jẹun àárọ̀ tí mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, tí mò ń tú ìgò kéékèèké kúrò nínú ìwé ìròyìn bí ọmọ tó rí bisikíìtì. Òróró olóòórùn tí ẹnikẹ́ni ò tà ládùúgbò yìí. Òórùn ọ̀kan dà bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa — mo sọ ọ́ ní Àkọ́rọ̀. Ọ̀kan bí ìwé àtijọ́ tí wọ́n ṣí lẹ́yìn ọdún gbọọrọ — Tíṣà. Ọ̀kan bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa — Oníjà.

Ìgò ìkẹyìn: òfo. Mo fi imú sí i, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún fi imú sí i. Omi tútù lóòórùn jù ú lọ. Onílọ́fíńdà tó kó ọjà náà ránṣẹ́ ní èyí lolórí wọn, pé òróró yìí ló máa ń di àwọn yòókù mú kí wọ́n má tètè sá kúrò nínú ọṣẹ. Olórí tí kò lè sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ní Odi.

Ọ̀gá ilé ìtura ń bọ̀ ní Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún. Ó fẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là fún gbogbo yàrá rẹ̀, òórùn kan ṣoṣo tí kò sí níbòmíràn. Tó bá gbà á, èmi àti àbúrò mi ti níṣẹ́ gidi. Tí kò bá gbà á, àbúrò mi á gba iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ kan fi lọ̀ ọ́ nílùú òkèèrè, á sì lọ. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sì fi ṣàwàdà. Inú ìkòkò Màámi la ti jọ po ọṣẹ àkọ́kọ́. Mi ò mọ bí màá ṣe máa dá a pò. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìgò Odi lánàá, mo fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo po Àkọ́rọ̀ mọ́ Tíṣà, mo kán Oníjà díẹ̀ sí i. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọṣẹ náà ti di ọṣẹ lásán. Gbogbo wọn ti sá lọ. Ó ku kí Odi wá dì wọ́n mú. Mo kán an sí i. Mi ò gbọ́ ọ. Mo tún kán an. Mo fi imú sí kọfí kí imú lè sinmi, bí a ṣe máa ń ṣe, mo tún padà sídìí rẹ̀. Dákẹ́rọ́rọ́. Mo kúkú dà á.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Imú nílé wa. Èmi ni mo máa ń mọ̀ pé wàrà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Èmi ni mo máa ń mọ ẹni tó jí ẹ̀wù ẹni wọ̀. Òróró inú ìgò ò ní wá fojú mi gbolẹ̀ báyìí.

Àbámẹ́ta, 8

Ọkọ mi gbé ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó bi mí pé kí ló kú sínú ọṣẹ. Mo ní imú ọkùnrin ò kọjá ọbẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ìyàwó mi,” ó sì lọ ṣí gbogbo fèrèsé. Mi ò rí ohun tó ń lé jáde.

Àìkú, 9

Àbúrò mi wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pọ̀ jù.” Mo ní kí ló pọ̀ jù? Ó ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀, pé ó dà bí ara èèyàn tó gbóná, bí aṣọ òtútù tí wọ́n kó sínú àpótí láìfọ̀. Ó ní kò burú o, tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n báyìí, ṣe ló ń fún òun lọ́rùn.

Irọ́ ni mo kà á sí. Èmi tí mò ń bá òróró náà sùn tí mò ń bá a jí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ọkàn rẹ̀ ti lọ sílùú òkèèrè, ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Mo ní tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, kó má fi ọṣẹ kẹ́wọ́. Ó wò mí. Ó ní, “Ó dáa, mà.”

Mà. Àbúrò mi tí a jọ sùn lórí ẹní kan. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó gbá a ni, ì bá sàn.

Ajé, 10

Kò pè. Èmi náà ò pè. Èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́rú, 12

Mo pe Onílọ́fíńdà, mo bú u dáadáa. Mo ní omi ló rọ sígò tó tà fún mi. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní, “Màdáámù, lọ́jọ́ tí mo rọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wẹ̀, ìyàwó mi ṣì ní kí n lọ sùn síta.” Mo pa fóònù. Mo lọ da Odi kún un. Orí mi gbóná, ẹsẹ̀ mi ò dúró lójú kan. Mo po ọṣẹ títí kò fi sí àyè lórí tábìlì mọ́.

Ẹtì, 14

Mo gbé Odi lọ bá Màámi. Ẹlẹ́rìí ni mò ń wá. Màámi ṣí i, wọ́n fa imú, wọ́n ní, “Omi ni wọ́n tà fún ọ.” Mo fẹ́ẹ̀ fò sókè. Ibi tí mo ti ń sọ pé ẹ ò rí i bí, ni aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ti yọjú sí wa, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ káàsán o. Ta ló da lọ́fíńdà sílẹ̀ níbí?”

Èmi àti Màámi wo ara wa. Mo de ìgò náà. Aránṣọ ní ṣé kò sí o, ṣé òun sọ nǹkan tí kò dáa ni.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìgbà náà ni Màámi wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Lọ́dún tí wọ́n bí mi, bàbá mi ra lọ́fíńdà kan fún wọn, wọ́n gbé e wálé bí ẹni gbé ẹyin. Màámi ṣí i, wọ́n ní omi ni, pé wọ́n ti rẹ́ bàbá mi jẹ. Wọ́n fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Bàbá mi ò ra lọ́fíńdà wálé mọ́ títí wọ́n fi papò dà.

“Mo rò pé ẹni tó tà á ló burú,” Màámi wí. “Ta ni mo fẹ́ sọ fún báyìí?”

Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Àbámẹ́ta, 15

Mo ní kí ọkọ mi dì mí lójú, kó fi Odi kan bébà kan nínú mẹ́rin. Mi ò mọ̀ ọ́n. A tún un ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà dì í lójú: kíá ló mú un, ó tún yínmú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹkún ni.

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́ — òkè là ń wò, ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Odi ń pariwo látọjọ́ yìí. Èmi ni adití. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń fa imú kiri ilé: ìrọ̀rí, ògiri, àtẹ́lẹwọ́ ara mi. Kí ló tún wà níbí tí gbogbo ayé ń gbọ́ tí èmi ò gbọ́? Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Àìkú, 16

Mo kó gbogbo ọṣẹ náà sẹ́yìnkùlé. Ajá aládùúgbò gba ibòmíràn kọjá.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo lọ sílé àbúrò mi. Àpótí rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó ti kún dé àárín. Ó ti sọ fún iléeṣẹ́ yẹn pé Ajé lòun ń bọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe rí àpótí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, “Imú mi ò gbọ́ ọ. Ìwọ lo sọ òótọ́. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni.” Orúnkún mi ti ń wá ilẹ̀ bọ̀. Ó gbá mi lápá mú: “Ẹ dìde jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú léwe ni?”

A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán. Ó ní ti imú kọ́ ló dun òun. Pé mo lè ronú pé òun ń wá ọ̀nà àtisá fún mi, ìyẹn ló dun òun. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni mò ń po ọṣẹ ti ọ̀gá. Kò sọ pé òun á wá. Kò sọ pé òun ò ní wá.

Ọjọ́rú, 19

Mo fọ gbogbo abọ́. Mo tún wọn fọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ó wá. Ọ̀nà kíṣìnnì ló gbà wọlé, òun àti àpótí rẹ̀. Mi ò béèrè ibi tí àpótí ń lọ.

Mo po Àkọ́rọ̀, Tíṣà àti Oníjà. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n dín Oníjà kù, mo ní rárá, ó gbà. Ó wá kan Odi. Ó dijú, ó sún mọ́ abọ́. Mo kán ẹ̀kán kan. Kò sọ̀rọ̀. Mo kán òmíràn.

“Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọwọ́ mi ṣì wà lókè abọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, nǹkan kan rárá. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé ó kù. Mo gbé ìgò náà sílẹ̀. Mo ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ó ní ta wá ni ọmọdé nínú àwa méjèèjì? Mo ní kó má bi mí.

Ẹtì, 21

Ọ̀gá ilé ìtura fa imú, ó gbé ọṣẹ sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó ní ó dà bí ìgbà tí òjò dé tí èèyàn sì ti wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ẹni rẹ̀. Ó gbà á. Ó ní imú ta ló ṣe èyí? Ẹnu mi ti là. Mo nawọ́ sí àbúrò mi.

Lẹ́yìn tó lọ, àbúrò mi pe iléeṣẹ́ òkèèrè, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó tú àpótí rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn wa. Ó ń fa imú sí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, ó ń ráhùn pé kíṣìnnì mi ti ba àwọn aṣọ òun jẹ́, pé Odi ti wọ gbogbo wọn lára. Mo gbé ọ̀kan símú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní òótọ́ ni.