Ohun Tó Dúró Láàárín Òpó Méjì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ara yín le, kí ẹ sì máa rí oorun sùn jù mí lọ.

Iṣẹ́ tí Bàbá fi sílẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pé àwọn ló fọwọ́ ara wọn to áńtẹ́nà kéékèèké igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sórí pátákó kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbì tẹ́ráhẹ́ẹ̀tì, ìbátan ìgbì rédíò, tó ń tinú wọn jáde lè kó ìwé odindi ilé ìkàwé kọjá kí o tó ṣẹ́jú, àmọ́ kì í rìn jìnnà, kò sì lè la ara èèyàn kọjá. Bí èèyàn bá dínà, àwọn áńtẹ́nà náà á pawọ́ pọ̀ darí ìgbì gba ara ògiri.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Bàbá a máa wọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n wá sáàárín òpó méjì tí ìgbì náà ń gbà láàárín wọn nínú yàrá iṣẹ́ wa, láti dán an wò. Wọn á ní, "Ṣé ó rí mi?" Èmi á wo kọ̀ǹpútà, màá ní, "Ó rí yín, Bàbá." Bí n kò bá tíì dáhùn, wọn kì í kúrò níbẹ̀. Ìwọ náà mọ agídí wọn: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ lẹ́tà bẹ̀ ọ́ pé kí o forí jì wọ́n, o ò fèsì títí wọ́n fi lọ.

Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, bí aago mẹ́wàá bá ti lù, ìgbì náà á yà gba ara ògiri. Yàrá ṣófo, èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn! Ọ̀gá wa sọ pé àléébù pátákó náà ni, pé bí n kò bá rí ìdí rẹ̀ títí ọjọ́ Ẹtì, àwọn á da pátákó náà nù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta Bàbá! Mo yẹ áńtẹ́nà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ò bàjẹ́. Mo wá tẹjú mọ́ àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń dínà náà ń gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró díẹ̀, á wá wọ́ èkejì. Àbúrò mi, mo mọ ìrìn náà. Ó dé àárín, ó dúró.

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo ní, "Ó rí yín, Bàbá." Kíá ni ọ̀nà là. Mo sì rí i tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí mo tì yẹn yí fúnra rẹ̀. Mo sunkún, mo fọwọ́ síwèé pé iṣẹ́ náà pé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní, ọ̀gá wá wò ó fúnra wọn, ìgbì náà ò yà rárá. Wọ́n ti gbà á.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó sì fi ọkàn rẹ balẹ̀ nínú ilé rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

Àfikún: Ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ó ní láti aago mẹ́wàá òní ni ẹnì kan ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, pé ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, ẹ ò sì rí èèyàn. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Ìwà rẹ nìyẹn. Jọ̀ọ́, má sá kúrò nílé. Dá Bàbá lóhùn.