Màmá Àgbà Kò Jẹ́ Ká Tan Iná

Sí Ọ̀gbẹ́ni Orrin Pelkey, níbi tó ti ń tún wáyà iná ṣe.

Èmi, Ọ̀gá Pátápátá lórí gbogbo òpó iná ní ìpínlẹ̀ Maine, ni mo fi àṣẹ kọ ìwé yìí. Iná ti dé sílé rẹ lẹ́yìn ìjì yìnyín náà. Ansel ọmọ rẹ fi omi gbígbóná wẹ̀ títí ó fi pọ́n bí edé. Ọmọ dáadáa ni, fún un lẹ́bùn.

Màmá àgbà nìkan ló kọ̀. Bí mo bá ti tan iná, wọ́n á pa á. “Ṣé o fẹ́ pa Orrin ni? Ó ṣì wà lórí òpó.” Mo ní òpó yín jìnnà sílé wa. “Ta ló bi ẹ́, ẹlẹ́nu ṣọ́bọ́rọ́?” Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Ni mo bá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọn yìnyín lẹ́sẹ̀ bíi tiyín, mo fi ohùn yín sọ̀rọ̀: “Màámi, mo ti sọ̀ o. Ẹ tan iná, ẹ jẹun.” Wọ́n tan iná, wọ́n jẹ ọbẹ̀ tán.

Ojoojúmọ́ ni mo wá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lánàá wọ́n ní, “Orrin, mú ọwọ́ rẹ wá, kí n mọ̀ bóyá ó tutù.” Ohùn yín nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, Dádì. Mo ní ẹ ti padà sórí òpó. Wọ́n dìde, wọ́n pa iná.

Ara wa le. Màmá àgbà kí yín, ajá wa náà kí yín. Kì í ṣe ọ̀gá kankan ló kọ ìwé yìí o. Èmi Ansel ni.