Sáfà Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ sì kú iṣẹ́ kòkó. Ara mi le dáadáa ní àdúgbò Ọgbà níbí. Bí ohùn mi ṣe le lórí fóònù lánàá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà tí ọ́fíìsì wa háyà lókè òkun, sáfà là ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn Agége ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò sí. Mo ṣe kernel tuntun fún un, ìyẹn ètò tó máa ń jí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n sáfà kò jí. Àwọn aláboyún jókòó títí, wọn ò rí èsì. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ, wọ́n kàn ń sọ pé, "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." Ọ̀gá mi ń pariwo pé, "Ọlámijùlọ ti ba iṣẹ́ wa jẹ́."

Èmi náà ni mo wádìí ẹ̀. Wọ́n ti ṣètò ẹ̀rọ náà pé kernel tiwọn nìkan ni kó máa gbà, wọn ò sì sọ fún wa. Mo yí i padà, sáfà jí.

Àwọn ará òkè òkun yẹn ni ọ̀gá kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Èmi ńkọ́, sà?"

Ó ní kí n máa dúpẹ́ pé òun ò lé mi.

Mo dá ọ̀gá lóhùn pé kó má ṣe ìyọnu. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ má fi gààrí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mọ́, ilé mi ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ bá mi kí Fọláhàn àbúrò mi àti àwọn ará ìjọ. Tí wọ́n bá béèrè, iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Ọmọ yín,
Ọlámijùlọ