Ẹ Kú Ìdúródèmí

Bàbá mi, Tísà àwọn òyìnbó,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ọdún kẹrin tí ẹ ti lọ rèé, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ pè é? Garki ní Abuja níbí ni mo ṣì wà. Katakata ń pariwo láti òwúrọ̀, eruku ilé tí wọ́n ń kọ́ kò sì jẹ́ ká ṣí fèrèsé. Ọkọ mi wà dáadáa. Bọ́lá ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà tó ṣì ń rákòrò. Ó ń gbọ́ Yorùbá o, ṣùgbọ́n bí mo bá bá a sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, a bu Hausa lé e. Ọmọ-ọmọ Tísà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tó mú mi gbé bírò rèé. Nígbà òjò tó kọjá, ìdílé míṣọ́nárì kan dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkọ, ìyàwó, àti ọmọbìnrin wọn, Lídíà, ẹgbẹ́ Bọ́lá. Ìyá Lídíà là ń pe ìyàwó. Ìlú tí òtútù ti ń mú omi dì lójú títì ni wọ́n ti wá. Ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ni wọ́n rán wọn sí, àwa tí ọ̀pọ̀ wa jẹ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì àti káfíńtà láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Odidi ọdún kan ni Ìyá Lídíà fi kọ́ Yorùbá nílé, lọ́dọ̀ màmá míṣọ́nárì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Abuja kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó kúnlẹ̀ kí obìnrin Gwari tó ń ta igi ìdáná, ó ní ẹ kú ọjà. Obìnrin yẹn wò ó títí, ó fi Hausa kí i padà, ó ní sànnu. Ó kí ẹni tó ń ta omi, ìyẹn ní yauwa, ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Ó padà sílé, ó sunkún. Ó ní èdè ibòmíràn lòun kọ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan lẹnu rẹ̀ ń wúlò, ọjọ́ Ìsinmi pàápàá kò ṣàì ní wàhálà. Ó dìde lọ́jọ́ kan láti tọrọ àdúrà, ó ní ọkọ̀ òun ní ibà. Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ o. Mẹkáníìkì kan na ọwọ́ sókè lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. A rẹ́rìn-ín débi pé pásítọ̀ fi orin dá wa dúró.

Ìdí nìyẹn tí pásítọ̀ fi bẹ̀ mí, nítorí pé tísà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, pé kí n máa tún Yorùbá rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn pásítọ̀ àgbà méjì ń bọ̀ láti Ìbàdàn nígbà ọyẹ́ láti dán an wò. Ọkọ rẹ̀ ti yege tirẹ̀. Bí òun bá fìdí rẹmi, wọ́n á dá gbogbo wọn padà sílùú wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Ẹ kú ìdúródèmí o.”

Háà, Bàbá mi! Ta ló ń kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá? Ẹni tó dúró, a ní ẹ kú ìdúró. Ẹni tó jókòó, a ní ẹ kú ìjókòó. Ìdúródèmí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin. Ẹ̀yin lẹ máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tí ẹ ń kọ́ dé lọ́sàn-án, ẹ á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ á sì kí wa pé a kú ìdúródè yín láti jẹun. Àwa náà á figbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Màámi, Bùọ̀dá mi àti èmi, “Ọbẹ̀ ò tíì tutù!” Nígbà mìíràn ó ti tutù tipẹ́. A ṣì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Mo kàn ní ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé.

Ó gbé ìwé ńlá kan jáde nínú báàgì. Màmá tó kọ́ ọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì kọ sí ojú ewé kìn-ín-ní pé bí Tísà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kọ́ òun rèé. Mo ń ṣí i, mo ń bá wa pàdé níbẹ̀. Ajá wa tó jí ẹran Ọdún Kérésì jẹ wà níbẹ̀, ẹ fi í kọ́ wọn ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ yín wà níbẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń kọ́ wọn ní àmì ohùn, mo rí èyí: Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn ẹ̀kọ́, kò fẹ́ràn ẹ̀kọ. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Lídíà bi mí bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo ní rárá, òótọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í yìn mí lójú mi, ṣé òyìnbó lẹ wá ń yìn mí fún? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ mú màmá yẹn pe gbólóhùn yẹn kó tó pè é dáadáa?

Mo gbọdọ̀ sọ èyí tó ń dùn mí. Nígbà tí Bùọ̀dá mi ránṣẹ́ pé ara yín kò yá, pé ẹ ń béèrè mi, mo ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mi parí ìdánwò ná. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Mo ti di báàgì, ọ̀la ni mo fẹ́ gbéra, ni awakọ̀ kan mú ìròyìn wá pé ẹ ti lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tí mo lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó dúró dè mí. Ṣé ẹ dúró? Ṣé ẹ ń wo ilẹ̀kùn? Màámi kò sọ fún mi, èmi náà kò sì láyà láti bi í.

Nítorí náà, ẹ bá mi wò ó. Mo tún gbogbo Yorùbá obìnrin yẹn ṣe. Mo tún ọkọ àti ọkọ̀ ṣe, mo tún igbá àti ìgbà ṣe. Ìkíni yẹn nìkan ni n kò fọwọ́ kàn. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi bí ọmọ kékeré, mo ń retí kó kàn án. Ohùn òyìnbó ni, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa ń fa “dè” yẹn gan-an ló ń fà á. N kò dá a lóhùn rí. Ẹni tó ni ìdáhùn yẹn kọ́ ló kí mi, ìyẹn ni mo ń wí fún ara mi.

Ọyẹ́ dé. Nígbà yẹn, Ìyá Lídíà ti ń ná ọjà pẹ̀lú Hausa díẹ̀díẹ̀, obìnrin onígi ti ń bá a ṣàwàdà, Lídíà àti Bọ́lá kì í ya ara wọn. Kò sunkún mọ́. Kò fẹ́ lọ mọ́. Bó bá sì lọ ṣí ilẹ̀kùn àwọn pásítọ̀ àgbà yẹn, tó ní wọ́n kú ìdúródè òun, wọ́n á ní ta ló kọ́ ọ ní irú èyí, wọ́n á sì yọ máàkì rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó bi mí bóyá ó ku ohun tí òun ń ṣì pè. Ó wù mí kí n parọ́. Mo ní ó ku ọ̀kan.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Bàbá mi, títí dé orí ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò jẹ́ kí n tètè wá. Ó pa ìwé yẹn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, “Á jẹ́ pé tiyín ni. Mo ti ń lò ó láìtọrọ.” Yorùbá tó pé, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀.

Ó yege. Wọn ò lọ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì yọ̀, èmi náà bá wọn jó. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún wá sílé mi, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní ẹ káàsán mà. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Ó rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń bù fún mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ohùn yín lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo bínú sí ọkọ mi lásán, ó ní kí ni òun ṣe.

Lánàá, mo wà nídìí sítóòfù lọ́sàn-án. Bọ́lá ń ti ilé Lídíà bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Lídíà, tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, pé ìkíni yẹn ti parí, ìyá rẹ̀ nìkan ni mo tún ọ̀rọ̀ ṣe fún. Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí i. Ọmọ mi, tí n kò rí kó ti ara rẹ̀ sọ gbólóhùn Yorùbá kan tó pé rí, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìdúródèmí o.”

Ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ọbẹ̀ ò tíì tutù.”

Ó bi mí pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì pé kí nìyẹn. Mo gbé e jókòó, mo bu oúnjẹ rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yín fún un láti orí ajá tó jí ẹran.

Ẹ kú ìdúródèmí, Bàbá mi. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́, tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ títí dòní.