Ẹ Yọ Orúkọ Marbeck Kúrò Lára Oyè Aubrey Stanhill

Ilé Kẹrin, Òpópónà Ilé Ìsìn,
Marbeck,
Lincolnshire.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2010.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yẹ Orúkọ Àwọn Olóyè Wò,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ ÀWỌN ARÁ MARBECK LÓRÍ OYÈ TÍ A FI DÁ AṢÒFIN WA TẸ́LẸ̀ LỌ́LÁ

Èmi ni Hilda Brackenbury, alásè ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, opó Wilfred Brackenbury apẹja. Mo ń kọ̀wé yìí ní orúkọ igba ó lé mẹ́rìnlá ará abúlé yìí. Ìfọwọ́sí wọn wà nínú àpò ìwé kan náà.

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní oṣù Kejì ọdún 2007, odò wa ya bèbè. Ọkọ mi gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló lọ tó bọ̀. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló kó dé orí òkè, ọmọ ọwọ́ mẹ́ta sì wà nínú wọn. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi díẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé, "Hilda, ìyá àgbà Pruett ṣì wà lórí tábìlì." Ó sì padà lọ. Òtútù ọjọ́ náà wọ̀ ọ́ láyà, kò sì jáde níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Aubrey Stanhill, tó ti ń ṣojú wa ní ilé aṣòfin fún ogún ọdún nígbà náà, dé ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí omi ti fà. Ó wọ bàtà rọ́bà tuntun. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ọkọ mi lórí ilẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ mí láago. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kí ìjọba fi àmì ẹ̀yẹ dá Wilf ọkọ mi lọ́lá, pé kí n kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Mo kọ ojú ewé méjì, mo fi ránṣẹ́. Wilf kì í ṣe ẹni tó ń wá ìyìn, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó máa ń bi mí bóyá ẹni tó ń pín lẹ́tà ti kọjá. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Lẹ́tà kankan kò dé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Stanhill fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kẹjọ, a kà á nínú ìwé ìròyìn pé ó ti di Lọ́ọ̀dù Stanhill ti Marbeck. Wọ́n tẹ ìdí tí oyè náà fi tọ́ sí i: pé nígbà ìkún omi, ó "lọ, ó bọ̀, títí kò fi ku ẹnì kankan nínú omi." Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Wilf ni mo kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá rò pé arúgbó kan ń ṣàròyé lásán ni, ẹ wo ibi tí ìwé oyè rẹ̀ ti sọ pé omi gun àtẹ̀gùn kọkànlá ilé ìsìn wa. Mẹ́sàn-án péré ni àtẹ̀gùn ọ̀hún. Èmi ni mo ṣì í kọ, nítorí omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ìbá tún un ṣe. Ẹni tó jí aṣọ gbé kì í mọ ibi tó ti ya. Ẹ̀dà ìwé mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Kò yẹ kí a fẹjọ́ èèyàn sùn kí a tó bá a sọ ọ́, nítorí náà mo tọ̀ ọ́ lọ ní gbọ̀ngàn abúlé, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ti ń fi tíì àti kéèkì bá a yọ̀. Mo na ẹ̀dà ìwé mi sí i. Ó kà á, kò bínú. Ó rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ìyáàfin Brackenbury, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo wa la jọ ṣe é."

Mo bi í pé, "Ta ló wa ọkọ̀?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé kéèkì fún mi. Mi ò jẹ ẹ́. Akọ̀wé rẹ̀ ló sáré tẹ̀lé mi jáde. Ó ní òun ni wọ́n ní kó tún ìwé náà tẹ̀, pé orúkọ nìkan ni wọ́n ní kí òun pààrọ̀. Ìfọwọ́sí obìnrin náà ló tẹ̀lé tèmi.

A kò ní kí ẹ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa pé irú oyè bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn ẹni títí dọjọ́ ikú. A kò sì bẹ̀bẹ̀ àmì ẹ̀yẹ fún òkú. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹ yọ orúkọ Marbeck kúrò lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ kó tó búra wọlé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olóyè ní oṣù tó ń bọ̀. Ó ti kó ìṣe ọkọ mi lọ. Kó fi orúkọ abúlé sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bèbè odò náà ṣì wà bí omi ṣe fi í sílẹ̀, nítorí Ọ̀gbẹ́ni Stanhill fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dìbò pé kí wọ́n dín owó àtúnṣe bèbè kù. Òjò ti ń ṣú, abúlé yìí kò sì ní awakọ̀ ojú omi mọ́. Nígbà tí omi bá dé, ẹni tí ìwé yín sọ pé ó mọ ọkọ̀ wà ni a ó pè.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Hilda Brackenbury (Ìyáàfin),
Fún àwọn ará Marbeck.