Ohun Tí Mo Gbọ́ Láyà Ìyá Kan ní Titirou

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Pọ́ọ̀lù tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi kọ ọ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n gbọ́ àyà yín.

Ọyẹ́ ti dé Parakou. Eruku bo ojú ọ̀run débi pé ọ̀sán ń jọ ìrọ̀lẹ́. Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ níbí. Àwọn olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera, tí a ń pè ní kamaráàdì, ìyẹn alájọṣe, ní kí a máa tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lọ láti ilé dé ilé, kí a wá àwọn tí àrùn ọkàn lè mú, kí a sì darí wọn sí ọsibítù. Táńtì Rékíyà, òṣìṣẹ́ ìlera ará àdúgbò Zongo, ni mò ń tẹ̀ lé.

Ní Titirou, a bá ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé wọn láyà. Ọkàn wọn lù, ó lù, ó dákẹ́. Mo dúró. Gbogbo àgbàlá dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó tó tún lù, mo gbójú sókè, mo rí i pé ìyá ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Táńtì fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ṣé ọkàn ìyá ni mò ń gbọ́, àbí tèmi tó já. Àmọ́ nígbà tí Táńtì náà gbọ́ ọ, ẹ̀rín tán. Wọ́n ní kí ìyá múra ká lọ sí ọsibítù.

Ìyá ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ọkọ òun tó ti kú ló ń kan ilẹ̀kùn nínú àyà òun: á kàn án, á dákẹ́ kó gbọ́ bóyá òun ń bọ̀, á tún kàn án. Ìyá bi wá pé ta ló ń fi ọkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà wà nínú àtẹ, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ṣà. Àwọn ará ilé ní ìyá ti ṣílẹ̀kùn fún ọkọ wọn lóru.

Màmá, mo ti gbọ́ ìró yẹn rí. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí ẹ pọ̀n mí lọ sí dìsípáńsírì bí mo tilẹ̀ ti dàgbà, etí mi wà lẹ́yìn yín. Ó lù, ó lù, ó dákẹ́. Mo rò pé bí ẹ̀yìn gbogbo ìyá ṣe ń dún nìyẹn.

Bóyá etí mi ló ń tàn mí. Ọdún kìíní ni mo wà, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Bí dókítà bá ní kò sí nǹkan, ẹ jọ fi mí rẹ́rìn-ín, inú mi á dùn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ̀gbọ́n Pọ́ọ̀lù, ẹ gbé lẹ́tà sílẹ̀ ná, kí ẹ fi etí lé ẹ̀yìn Màmá. Bí ó bá dákẹ́, ẹ má dúró dè é. Ẹ gbé wọn sórí alùpùpù, ẹ máa lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Ọláitán