Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin fáráǹkì wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Owó iṣu Adúmáadán, àbúrò ọkọ mi, ni. Ìyá mi, ẹ kà á lójú Adúmáadán. Ó tán. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó ní Bessé mọ́.

Wàyí o, mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ilé o, ìyá ọkọ mi. Ẹ kú oko, gbogbo ọkọ mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Òjò Kútọnu ò jẹ́ ká rílẹ̀ tẹ̀. Orí bíríkì la ti ń tajà. Ara mi le, ṣùgbọ́n iyàrá ti tóbi jù fún mi látìgbà tí ọmọ yín ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, èmi a ta iṣu, òun a fowó ránṣẹ́ sílé. Iṣu ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ dá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Bí mo ti tà á tán lóṣù tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ó ní, ìyàwó wa, tẹlifóònù mi ti bọ́ sódò Okpara, nọ́ḿbà tuntun rèé, ibẹ̀ ni kó o fowó iṣu sí. Mo gbà pé Adúmáadán ni. Èmi náà ni mo ní kí ẹ máa kọ “Ìyàwó” àti nọ́ḿbà mi sára àpò iṣu, kí ọkọ̀ má baà já a síbòmíràn. Olè tó bá kà á ti mọ ohun tí yóò pè mí.

Kówó tó ti orí tẹlifóònù mi lọ, ó fi orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà á hàn mí: Bernard. Mo wò ó títí. Adúmáadán ni èmi ń pè é, ẹ̀yin ń pè é ní Àlàó. Èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni mi ò mọ̀, mi ò sì lè bi í. Ó ti ń sáré kiri àgbàlá kí ẹ tó gbé mi wọlé, ìyàwó kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Mo ní bóyá orúkọ ilé ìwé ni. Mi ò pe nọ́ḿbà àtijọ́, torí mo rò pé ohun tódò gbé kì í dún. Mo tẹ̀ ẹ́, owó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ḿbà àtijọ́ dún. Adúmáadán ní ṣé iṣu ò tà ni? Mo ní mo ti sanwó fún Bernard. Ó ní Bernard wo? Mo ní ẹ̀yin náà kọ́? Ó ní nígbà tí mo ń sọ òun lórúkọ tuntun, mi ò bá ti pe òun wá jẹun níbẹ̀.

Mo sáré dé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Wọ́n ní ẹni náà ti gba owó lọ. Owó àjọ mi ni mo fi dí i. Páànù tí mo fẹ́ fi bo iwájú ìsọ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọdún méjìlélógún ni mo ti ń bá yín jẹun, mi ò mọ ẹni tí mò ń bá jẹun.

Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ lè bi àwọn ọkọ mi léèrè orúkọ wọn. Kí olúkúlùkù mú káàdì rẹ̀ wá, kí ọmọ tó mọ̀wé kọ orúkọ tó wà níbẹ̀ àti nọ́ḿbà rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ fi rán awakọ̀. Bí mo bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, orúkọ tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu. Ẹni tó bá ní nọ́ḿbà òun yí padà, ti àtijọ́ ni màá pè. Bí kò bá gbé e, màá pe tiyín, kí ẹ fún un, kí n gbóhùn rẹ̀. Àìgbóhùn, kò sówó. Kí ẹnikẹ́ni má bínú. Màá fi ojú ka orúkọ wọn; ẹnu mi ò ní pè é.

Mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí èmi nìkan kọ́ ni ìyàwó tó ń fowó ránṣẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ á gbè yín. Ẹ bá mi kí Adúmáadán. Ẹ ní Bernard kí i.

Èmi ọmọ yín, ìyàwó ilé.

Ọkọ̀ ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ náà ni mo ń retí ìwé orúkọ.